Òǹtẹ̀ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Àwòrán

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ yàrá àlejò kan ní ilẹ̀ Yorùbá kí ó má rí àwòrán lára ògiri. Baba onílé jókòó sórí àga, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an; ìyá ilé ró aṣọ òkè, ó wé gèlè; àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn wọn bí ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni a fi ń júwe ìran fún ọmọ tí kò bá bàbá-ńlá rẹ̀ láyé. Bí a bá bi onílé léèrè ẹni tí ó wà nínú àwòrán náà, kíá ni yóò dáhùn, yóò sì fi oríkì kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé ta ni ó ya àwòrán náà, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Ẹ jẹ́ kí ó gbé àwòrán náà sọ̀kalẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìdáhùn dé. Bí kò bá sí, iṣẹ́ ọwọ́ náà ti di ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀.

Lórí òǹtẹ̀ yìí, àti lórí gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó bá a rìn, ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Àwọn oníṣòwò ìlú ńlá a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìdánimọ̀ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí orúkọ oníṣẹ́, pátákó rẹ̀, àwọ̀ tí ó yàn, ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ àti àdéhùn ẹnu rẹ̀ jọ ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan yóò fi mọ ìyókù. Kì í ṣe ohun àjèjì. Bí ẹbí kan bá ń ṣe òkú àgbà, tí wọ́n sì mú aṣọ ẹbí, àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò mọ ẹni tí yóò kí, yóò sì mọ ẹni tí ó lè béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ mìíràn láàrin wọn, a kò ní lé e jáde, ṣùgbọ́n àlejò kò ní kà á mọ́ ọmọ olóòkú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti iṣẹ́ fótò: kí gbogbo ohun tí ó bá ti ọwọ́ ayàwòrán kan jáde wọ aṣọ ẹbí kan náà.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Bàmákò, olú-ìlú ilẹ̀ Màlì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seydou Keïta. Nǹkan bí ọdún 1921 ni a bí i. Kò lọ sí ilé-ìwé. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi í sí láti kékeré, àga àti tábìlì ni ó sì ń kàn. Ní ọdún 1935, ẹbí rẹ̀ kan tí ó ti Sẹ̀nẹ̀gàl dé fún un ní kámẹ́rà kékeré kan, Kodak, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ya àwọn ará ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni ó kọ́ bí a ti ń fọ fíìmù lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1948, ó ṣí ilé ìyàwòrán tirẹ̀ sí ilẹ̀ ẹbí wọn ní àdúgbò Bàmákò-Kúrà, nítòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn Faransé ni ó ń ṣe ìjọba ibẹ̀ nígbà náà.

Kò sí ilé gíga níbẹ̀, kò sì sí iná alágbára. Nínú àgbàlá, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ni ó ti ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Fíìmù wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún oníbàárà kan. Bí kò bá dára, àdánù rẹ̀ ni. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́lá Bàmákò wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn oníṣòwò wá, àwọn akọ̀wé ìjọba wá, ìyàwó tuntun wá, ìyá ọlọ́mọ wá. Ojú irin tí ó ti Dakar wá gba Bàmákò kọjá, àwọn àlejò pẹ̀lú sì wá. Kí ni wọ́n rí lọ́dọ̀ Keïta tí wọ́n fi ń tò dúró dè é, nígbà tí kì í ṣe òun nìkan ni ó ní kámẹ́rà ní ìlú?

Èkíní ni aṣọ tí ó ta sẹ́yìn oníbàárà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kò ní owó láti ra aṣọ pàtàkì fún iṣẹ́ náà, nítorí náà aṣọ orí ibùsùn ara rẹ̀, èyí tí ó ní wajawaja létí, ni ó mú, tí ó fi kọ́ ara ògiri. Ó di ohun tí ojú mọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ó pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tí ó ní òdòdó. Lẹ́yìn èyíinì ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di àgbàlagbà, tí a bá mú àwòrán àtijọ́ kan wá fún un, aṣọ ẹ̀yìn ni ó fi ń mọ ìgbà tí ó yà á. Ẹ kíyè sí i pé kì í pààrọ̀ aṣọ náà lóṣooṣù bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ tó láti di àmì.

Èkejì ni bí ó ti ń gbé ènìyàn kalẹ̀. Ó fẹ́ràn kí oníbàárà yí ara tàbí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí ó má kọjú gan-an bí ẹni tí a ń ya fún ìwé ìrìnnà. Fún ara rẹ̀ ni ó ń wá ibi tí ọwọ́ yóò sinmi sí, bí gèlè yóò ti rí, bí etí agbádá yóò ti ṣubú. Ó ní kóòtù àti táì òyìnbó mélòó kan nílé fún ẹni tí ó bá fẹ́ yá a wọ̀. Ó ní aago ọwọ́, kálámù, rédíò, àti alùpùpù Vespa. Nígbà tí ó sì ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró tì í. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀tàn ni kí ènìyàn ya àwòrán pẹ̀lú rédíò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ta ni kì í yá ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí òde? Ohun tí oníbàárà ń rà ni bí ó ti ń fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí òun lọ́jọ́ iwájú, Keïta sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òǹtẹ̀. Ó gbẹ́ òǹtẹ̀ tí ó ní orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sára àwòrán. Nígbà tí ìyàwó ilé kan bá fi àwòrán rẹ̀ han ọ̀rẹ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ náà ti sọ ibi tí ọ̀rẹ́ náà yóò gbà dé ibẹ̀. Aṣọ ẹ̀yìn, ìdúró, ohun èlò àti òǹtẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ ohun kan náà: Keïta ni ó ṣe é. Ó dé ìgbà kan ní Bàmákò tí ẹni tí Keïta kò bá tíì yà dà bí ẹni tí kò tíì ya àwòrán rárá.

Màlì gba òmìnira ní ọdún 1960. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba tuntun pè é láti wá máa ya àwòrán fún wọn, ó sì ti ilé ìyàwòrán rẹ̀ pa. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1977. Ṣùgbọ́n ó kó fíìmù rẹ̀ pamọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kò sun wọ́n, kò sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá di ẹ̀kọ́ nìyí. Ní ọdún 1991 a ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ní New York, ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ohun tí a fi hàn, àwòrán àwọn ará Bàmákò kan wà níbẹ̀, a tẹ̀ wọ́n láti ara fíìmù tí ó ti dé ọ̀hún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnu ya gbogbo ẹni tí ó rí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ìwé kékeré tí a lẹ̀ sábẹ́ wọn láti mọ ẹni tí ó yà wọ́n, ohun tí wọ́n kà ni pé a kò mọ ayàwòrán náà. Keïta wà láàyè. Ó wà ní Bàmákò, ó ń jẹun, ó ń sùn, gbogbo ìlú sì mọ ilé rẹ̀. Fíìmù ti rìn jìnnà kọjá ibi tí orúkọ bá a dé, nítorí pé òǹtẹ̀ kì í sí lára fíìmù, ara àwòrán nìkan ni ó wà.

Ọlọ́rọ̀ kan tí ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, Jean Pigozzi, rán ará Faransé kan tí ń jẹ́ André Magnin lọ sí Màlì láti wá ẹni náà. Ó dé Bàmákò, ó béèrè, wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Ìlú tí ojú ti mọ aṣọ ẹ̀yìn kan àti ìdúró kan fún ọdún mẹ́rìnlá kò nílò ìwé kí ó tó dá iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1994 a fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní Paris pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká ayé. Ó kú ní ọdún 2001. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ lórí ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sí àwọn fíìmù náà, èyí tí ó fi hàn pé òǹtẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ó ṣe kedere tún yẹ kí ó wà nínú àpótí pẹ̀lú fíìmù.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé Màlì nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. J. D. Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀mà ní apá ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ra kámẹ́rà Kodak Brownie kan ní ọdún 1950. Ó ń kọ ìwé lé ìwé sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn pé kí wọ́n gba òun síṣẹ́, títí wọ́n fi gbà á ní ọdún 1954 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìbàdàn, lẹ́yìn náà sí ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Èkó, kí ó tó ṣí ilé ìyàwòrán tirẹ̀ ní Kétu, ní ọdún 1975. Foto Ojeikere ni ó sọ ọ́: orúkọ ara rẹ̀, kò fi àbùlà kankan sí i.

Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin: onílé gogoro, ṣùkú àti irú wọn gbogbo. Ó yà wọ́n ní dúdú àti funfun, aṣọ ẹ̀yìn tí kò ní ohunkóhun lára, ẹ̀yìn orí sì ni ó sábà ń yà, kí ọwọ́ onídìrí lè hàn. Ọ̀nà kan náà yìí ni ó gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwòrán irun náà fi tó nǹkan bí 1,000. Bí a bá yọ ẹyọ kan nínú wọn, tí a sọ ọ́ sáàárín ọgọ́rùn-ún àwòrán ẹlòmíràn, ẹni tí ó ti rí méjì rí yóò mú un jáde. Ojeikere kú ní ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ irun tí ó yà, kò sí ẹni tí ń dì wọ́n mọ́. Inú àwòrán rẹ̀ nìkan ni wọ́n kù sí.

Orúkọ Kodak tí a ti dá lẹ́ẹ̀mejì yìí, kò ní ìtumọ̀ kankan. George Eastman, ará Rochester ní Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1888. Ó fẹ́ràn lẹ́tà K, ó sì ń fẹ́ orúkọ kúkurú tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣì pè. Dọ́là 25 ni ó ń ta kámẹ́rà náà, fíìmù tí ó tó ya àwòrán 100 sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó rà á bá yà á tán, a fi odindi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ padà pẹ̀lú dọ́là 10, ilé iṣẹ́ a fọ fíìmù náà, a sì fi òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà tó wà rárá ni a ti rí irú ènìyàn tí Eastman í ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1882, àwọn àwo gíláàsì tí ó ń ṣe fún àwọn ayàwòrán bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó tà wọ́n fún. Ó gbà wọ́n padà, ó sì fi tuntun rọ́pò wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o sí gbèsè. Láìsí irú ìwà bẹ́ẹ̀, lẹ́tà K kì bá tí wúlò fún un. (Ilé iṣẹ́ náà wọ wàhálà gbèsè ní ọdún 2012, nígbà tí ayé ti fi fíìmù sílẹ̀, orúkọ ńlá kò dá ìgbà dúró.)

Nísinsìnyí, kí ni ayàwòrán ìlú wa yóò ṣe? Orúkọ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú, ènìyàn lè rí Ọba Fótò mẹ́ta lójú pópó kan, kí Ayaba Fótò sì wà ní ìdojúkọ wọn. Ẹni tí kò tíì ya àwòrán dé abúlé kejì a kọ Àgbáyé sí pátákó rẹ̀. Èyí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Orúkọ tí bàbá sọ ni, tàbí orúkọ agboolé, tí a bá fi orúkọ ìlú tì í, ó ti tó, ó sì ṣòro fún aládùúgbò láti jí i lò. Bí orúkọ bá ti dúró, kí ó lọ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìforúkọsílẹ̀ Ilé Iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, kí ó lè ní ìwé lọ́wọ́ bí ẹlòmíràn bá fẹ́ gbà á lò.

Bí a bá ti kọ orúkọ náà sára pátákó, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a kọ ọ́ sára òǹtẹ̀, sára ìwé owó, sára àpò tí a ń kó àwòrán sí, àti sójú ìkànnì Facebook tàbí WhatsApp bí ó bá ní i. Kí lẹ́tà rẹ̀ má yàtọ̀. Ayàwòrán tí ó ń jẹ́ orúkọ kan lójú pópó, òmíràn lórí fóònù, òmíràn lára àpò, ó ń ná owó lórí ènìyàn mẹ́ta tí kò mọ ara wọn. Àwọ̀ méjì tó fún pátákó. Ẹni tí ó bá kun àwọ̀ mẹ́fà, ojú pátákó náà ni àwọn ènìyàn yóò máa wò, wọn kò ní ka orúkọ.

Àdéhùn ọjọ́ ni apá tí ó burú jù nínú iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ayàwòrán a gba àsansílẹ̀, a ní kí oníbàárà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì pé, ó di ọ̀la, ọ̀la di ọ̀tunla. Pátákó tí ó lẹ́wà jù lọ kò lè pa irú èyí mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹnu oníbàárà jìnnà ju pátákó lọ. Bí iṣẹ́ yóò bá gba ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó sọ pé mẹ́wàá. Ilé ìyàwòrán tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀ ti ní àmì tí kò náwó kan kọ́bọ̀.

Kí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan tí a lè dá mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ aṣọ òfì tí a hun ní ìlú náà. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà kó ilé gogoro Dubai sẹ́yìn ìyá arúgbó tí kò kúrò ní Ìṣẹ́yìn rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí a ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n Dubai kan náà wà lọ́wọ́ gbogbo ayàwòrán, kò sì sí ẹni tí yóò tipa rẹ̀ mọ ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Kí a sì tọrọ àyè lọ́wọ́ oníbàárà kí a tó gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ iwájú ilé tàbí kí a tó fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ kù lórí nọ́ńbà. Ẹ wo ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú sí ìdálẹ̀, tí àwòrán kan ṣoṣo tí ó kù ti gba omi òjò láti ara òrùlé. Ó fẹ́ kí a tún òmíràn tẹ̀ kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé. Bí òǹtẹ̀ bá wà lẹ́yìn èyí tí ó bàjẹ́ náà, yóò mọ ilé tí yóò lọ. Bí nọ́ńbà bá wà nínú òǹtẹ̀ náà, tí nọ́ńbà kan náà wà nínú ìwé ayàwòrán, tí ó sì tún wà lára àpò fíìmù tàbí lórúkọ fáìlì nínú kọ̀ǹpútà, láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan ni yóò rí i. Bí kò bá sí nọ́ńbà, yóò máa tú ẹrù ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìyá náà jókòó tì í tí ó ń sunkún. Ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, kí ó ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn, nítorí ẹ̀rọ a máa kú láìsọ tẹ́lẹ̀.

Iye tí agbẹ́òǹtẹ̀ yóò gbà kò tó owó fíríìmù ńlá kan. Ohun tí a óò ní kí ó gbẹ́ ni orúkọ, ìlú, àdúgbò pẹ̀lú ohun kan tí kì í ṣí nípò, bí ọjà tàbí ààfin, àti àlàfo kékeré méjì: ọ̀kan fún nọ́ńbà, ọ̀kan fún ọjọ́, tí a óò máa fi kálámù kọ. Kí a má gbẹ́ nọ́ńbà fóònù sí i. Fóònù a máa yí padà. Ọjà kì í sábà kúrò níbi tí ó wà.